Ohùn Kan ní Apá Òsì

Kọfí ló kọ́kọ́ fẹ́ tú Urho Lampela láṣìírí. Ewé igi ti ń pọ́n lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ adágún sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ènìyàn létí. Ó jókòó ní ilé ìdáná Màmá Hilja, ó gbé jọ́ọ̀gì, ó ń rọra rọ kọfí, kọfí sì ń dà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ìgbà tó gbóná dé orúnkún rẹ̀ ló tó mọ̀. Màmá Hilja, opó awakùsà tó máa ń gba eléré họ́kì kan sílé lọ́dọọdún, wo tábìlì, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó mú àkísà, ó nù ún.

"Jọ́ọ̀gì yẹn ti ń gbó," ló wí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ló ń gbé ife Urho sí, àti àwo rẹ̀, àti ṣíbí rẹ̀, àti búrẹ́dì. Urho rò pé ó kàn wù ú láti tún tábìlì tò ni. Ọkùnrin ṣáà ni. Ẹ má dá a lẹ́bi.

Urho ni aṣọ́lé ikọ̀ Awakùsà, ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ti ìlú Kuparila. Wọ́n ti ti ibi ìwakùsà bàbà pa tipẹ́, àwọn tó ń wa kùsà ti kú tàbí kí wọ́n ti kó lọ, orúkọ ló kù, àwọn eléré sì ń wọ̀ ọ́ sáyà. Líìgì tiwa kì í ṣe líìgì ńlá. Àwọn ti líìgì ńlá ń wọ bàlúù. Àwọn tiwa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, orí wọn á máa gbá fèrèsé láti ìlú kan dé òmíràn, àlá wọn á sì máa dà pọ̀ mọ́ òjò dídì tó ń fò kọjá. Urho ti ń sùn nínú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun ti kún orí rẹ̀ títí tí púpọ̀ nínú irun náà fi dágbére. Ohun kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ̀: Ife Adágún, ife fàdákà tí wọ́n ń fún ikọ̀ tó bá borí. Ife náà ti tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí àwọn tó gbà á nígbà kan gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ọtí sì ti pa wọ́n jù. Síbẹ̀ Urho máa ń lá a lálàá. Nínú àlá náà, ife yóò tutù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa gbọ́ ìró omi adágún nínú rẹ̀.

Ìparí sáà tó kọjá ni rọ́bà bà á lójú. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ni mo ń wí. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì dojú kọ rí, kó máa dúpẹ́. Ìbòjú rẹ̀ kò fọ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ń fa aṣọ ìkélé funfun bo ayé ní apá òsì, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di funfun. Ó lọ bá dókítà ní ìlú òkèèrè, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

"Ojú òsì yìí ti lọ," dókítà wí. "Ọ̀tún ló kù. Má dúró níwájú rọ́bà mọ́."

Urho dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọkọ̀ padà sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kóòṣì Sartori fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gbọ́ ni yóò gba ìbòjú lọ́wọ́ rẹ̀. Sáà kan péré ni Urho ń tọrọ, kí ọwọ́ rẹ̀ lè kan ife yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn olójú kan náà ṣáà lórí tó ń ṣọ́.

Sáà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi gòólù jẹ wá níyà. Apá òsì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ìyà ìkẹta, Urho pe Kauko Ristola sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá ìmúra. Kauko ni ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń dúró lẹ́yìn ní òsì, ẹlẹ́nu bí agogo. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó jẹ́ kí wọ́n sùn.

"Kauko."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Láti òní lọ, mi ò fẹ́ kí o jìnnà sí apá òsì mi. Kí o sì máa sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ibi tí rọ́bà wà, ẹni tó ń gbé e bọ̀. Bí rọ́bà bá jìnnà, sọ ohunkóhun tó bá wù ọ́. Ṣáà má dákẹ́."

Kauko la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa ní kí n má dákẹ́. Kí ló dé?"

Ẹni tó ń so okùn bàtà irin tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín dá ọwọ́ dúró. Nínú eré tiwa, a kì í bi aṣọ́lé léèrè èèwọ̀ rẹ̀. Èyí ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀pá òun; tọ̀hún á jẹ pásítì ẹran láti ìdí lọ sí orí kó tó gbá eré; ẹnìkan wà láyé ọjọ́un tó máa ń kí òpó àwọ̀n méjèèjì lórúkọ, tó sì máa ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n sùn dáadáa. Bí o bá bèèrè, ó bàjẹ́ nìyẹn. Kauko gbá ara rẹ̀ lẹ́nu.

"Mi ò bi yín o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Urho ò tíì ronú kan èyí rí. Ó ti ń da irọ́ rò láti àárọ̀, àṣé àṣà ilé ti pèsè ibi ìsápamọ́ fún un. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan òpó òsì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè mọ ibi tó wà, Kauko sì ń sọ̀rọ̀ bí omi òjò. A borí.

Bí ikọ̀ bá ti ń borí, ẹnikẹ́ni kì í yí nǹkan kan padà. Ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ya lọ́jọ́ náà ń wọ ọ́ títí ó fi di kìkì ihò. Àwọn obìnrin tó jókòó ní apá òsì pápá mú agogo màlúù wá, wọ́n ń lù ú nígbàkúgbà tí rọ́bà bá ti gba ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, pásítọ̀ ìjọ Luther pàápàá ti ń kan òsì àga ìwàásù lẹ́ẹ̀mẹta kó tó la Bíbélì. Gbogbo ìlú sọ ojú kan tó fọ́ di oríire, Urho sì ń wò wọ́n, ẹ̀rín àti ẹkún ń du ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kauko wá di nǹkan mìíràn. Bí rọ́bà bá lọ sí òdì kejì, á máa sọ ìtàn Mansikki, màlúù ìyá àgbà rẹ̀, tó rìn lọ sí àárín adágún tó dì lọ́jọ́ kan tó sì kọ̀ láti padà sílé.

"Wọ́n fi kóríko tàn án, kò dáhùn. Wọ́n fi okùn fà á, ó wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè. Ó ń bọ̀ o, ẹ̀gbọ́n, onínọ́ńbà mẹ́sàn-án, òsì, nílẹ̀, nílẹ̀! Ẹ káre! Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ́n. Òjò dídì wá bẹ̀rẹ̀..."

Delbert, ọ̀gá àwọn Agégẹdú, ikọ̀ ìlú Marlow, gìrìpá tí igbá àyà rẹ̀ tó ilẹ̀kùn, sáré kọjá níwájú wọn nígbà kan, ó sì dẹsẹ̀ dúró.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí màlúù náà?"

"Fún wa ní gòólù kan ná," Kauko dáhùn, "ká tó sọ fún ẹ."

"Bàbá ẹ!"

"Bàbá mi kọ́, ìyá àgbà mi ló ni ín."

Urho rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòjú títí èémí rẹ̀ fi di omi. Ìdùnnú yẹn kì í ṣe irọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, òun àti Kauko ló ń jókòó pọ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà á wà ní òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa ka ayé sí i létí: ilé kan tí iná pupa wà lójú rẹ̀, àgbọ̀nrín mẹ́ta létí igbó, òṣùpá tó ń tẹ̀ lé wọn bí ajá. Òjò dídì á máa rọ̀, orí Urho á máa wúwo, kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Kauko ti parí tí àlá ti gbà á. Ó máa ń rò ó pé bóyá bí òun ì bá ní ọmọ, bí yóò ṣe rí nìyí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìdíje àṣekágbá, àwa àti àwọn Agégẹdú. Wọ́n borí, a borí, títí ó fi ku eré kan tí yóò pinnu rẹ̀, ní Kuparila, ní ọ̀sán Sátidé. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni tẹlifóònù Kóòṣì Sartori dún. Ikọ̀ kan ní líìgì ńlá ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró lẹ́yìn fún wọn ti kán lẹ́sẹ̀, Kauko ni wọ́n ń fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí kò bá lè wá, ẹlòmíràn wà nílẹ̀.

Kauko dìde láàárín yàrá ìmúra, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò lọ. A kì í tú ohun tó bá ti ń jẹ́ fún wa. Bí mo bá kúrò ní apá òsì ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ ká gba ife wa ná. Bó bá jẹ́ tèmi ni, wọ́n á tún pè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Urho náà pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú un, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ayọ̀ ẹni tí ọ̀pá ìtìlẹ́yìn rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ojú wá tì í. Ó mọ líìgì yìí. Ó mọ iye àwọn tó ti sọ pé wọ́n á tún pè, tí wọ́n ṣì ń wo tẹlifóònù títí wọ́n fi darúgbó.

Ó rìn lọ sí etí adágún. Yìnyín ti ń rọ̀, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yí padà lójú oorun. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Urho dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú, ó ń wo ife fàdákà náà nínú ọkàn rẹ̀, ó ń wo ọmọ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pe Kauko wá sí ilé ooru, ibi tí wọ́n ti ń fi ooru wẹ̀, tó wà lẹ́yìnkùlé Màmá Hilja. Wọ́n jókòó ní ìhòòhò lórí pátákó, Urho da omi sórí òkúta gbígbóná, ooru sì bo àwọn méjèèjì.

"Kauko, lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Oríire wa..."

"Kì í ṣe oríire. Ojú mi ni. Ojú òsì yìí ò ríran. Ìwọ lo ti ń bá mi ríran láti ìgbà tí òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀."

Kauko rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè sí òsì ojú Urho, ó jù ú síwá sẹ́yìn. Urho kò ṣẹ́jú.

"Nígbà tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ Mansikki..."

"Mò ń fi ohùn rẹ mọ ibi tí o dúró sí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kauko..."

"Mo rò pé a jọ ń ṣe é ni! Mo rò pé ó dùn mọ́ yín. Àṣé ọ̀pá afọ́jú lẹ fi mí ṣe. Bí rọ́bà bá fọ́ ojú kejì ńkọ́? Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan péré? Ọrùn mi ni yóò wà, ẹ ò sì ní jẹ́ kí n mọ̀!"

"Ó dùn mọ́ mi," Urho wí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí, òtútù ti wọlé, ọmọ náà sì ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òjò dídì tó ń yọ́, aṣọ ìnura ní ìbàdí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ Sátidé ló gbé e lọ. Kò dágbére.

Urho lọ sí pápá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń retí pé Kóòṣì yóò na ọwọ́ gba ìbòjú lọ́wọ́ òun. Kóòṣì kàn gbá a léjìká. "Nels ni yóò dúró ní òsì rẹ." Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé Kauko kò sọ. Nels ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dún kò kún ṣíbí. Urho kò bẹ̀ ẹ́ láti sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá kan òpó òsì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ náà gbóná, ó dà bíi pé oòrùn ṣìnà wá láti oṣù mìíràn. Wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn pápá onígi náà, afẹ́fẹ́ ọ̀yẹ́ adágún àti ooru òde pàdé lórí yìnyín, kùrukùru sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó kọ́kọ́ bo bàtà irin wọn, ó bo orúnkún, ó dé àyà. Nígbà tí abala kejì nínú mẹ́ta fi máa parí ní ọ̀mì, a kò rí nǹkan kan láti orí ìjókòó ju orí àwọn eléré tó ń léfòó kiri láìní ara.

Réfírì fọn fèrè, ó sì ṣe ohun tí a máa ń ṣe. Ó ní kí ikọ̀ méjèèjì jáde sórí yìnyín pátá, kí wọ́n máa yí pápá po, kí afẹ́fẹ́ ara wọn lè lé kùrukùru náà. Àwọn obìnrin ju aṣọ ìbùsùn funfun sísàlẹ̀ fún wọn, ẹni méjì méjì di etí rẹ̀ mú, Awakùsà àti Agégẹdú pọ̀, wọ́n ń sáré, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ lu ara wọn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Ìwọ ta ni?"

"Ta ló tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀?"

Urho ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú wọn. Gbogbo ayé ti funfun ní òsì, ó ti funfun ní ọ̀tún, kò sì bẹ̀rù mọ́. Ó gbọ́ irin tó ń fá yìnyín, ó gbọ́ èémí, ó mọ ẹni tó wà níbi gbogbo. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ojú gbogbo wọn rí bíi tirẹ̀, òun nìkan ni kò sì kọ lu ẹnikẹ́ni. Ó wù ú pé kí wọ́n máa yí po bẹ́ẹ̀ títí láé.

Kùrukùru dín díẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mì ló ṣì wà títí wọ́n fi wọ àfikún àkókò, níbi tí gòólù kan ṣoṣo ti ń parí ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin alágogo kò rí rọ́bà mọ́, agogo wọn dákẹ́. Nels dákẹ́. Delbert gba òsì bọ̀. Kò sẹ́ni tó wí fún Urho. Irin bàtà gìrìpá náà ló gbọ́, ó na ẹsẹ̀ òsì, rọ́bà bà á, ó ta padà. Pápá bú sí ariwo. Rọ́bà sì yọ̀ jẹ́jẹ́ lọ sí ọ̀tún, sí abẹ́ ọ̀pá Agégẹdú kan tó dúró láìsí ẹni tó rí i.

Urho rí i. Ojú rẹ̀ tó dára rí i kedere, rọ́bà dúdú lórí yìnyín funfun, bó ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ti fì sí òsì, bó ti ń fì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò sì lè dé kí rọ́bà tó wọ àwọ̀n. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

Wọ́n gbé ife wá. Ẹnìkan gba apá òsì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó ń dúró. Ìgbà tó mí ni Urho tó fò yí padà. Delbert ni, ó na ife fàdákà náà sí i, kó mu nínú rẹ̀. Ó ti nà án tipẹ́. Gìrìpá náà wo ojú rẹ̀, ó sì rọra yí lọ sí ọ̀tún.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ẹ sì fi dí wa lọ́nà báyìí? Ẹ gbà, ẹ mu ún."

Ife náà súnmọ́ débi pé Urho rí ibi tó tẹ̀ wọnú. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. A kì í fọwọ́ kan ife tí a kò gbà.

"Ó dáa," Delbert wí. "Màlúù yẹn ńkọ́?"

"Kò tíì sọ ìparí rẹ̀ fún mi."

Yàrá ìmúra ló ti fi ìbòjú rẹ̀ lé Kóòṣì Sartori lọ́wọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Kóòṣì bú u títí, ó wá jókòó, ó sunkún.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, Urho jókòó sí ilé ìdáná, kò wo ibì kankan. Tẹlifóònù ara ògiri dún. Màmá Hilja gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ dé ìdí tábìlì.

"Tìrẹ ni."

Urho gbé e sí etí òsì.

"Ẹ̀gbọ́n." Ohùn Kauko ni. "Mo gbọ́ bó ṣe lọ. Mo ṣì ń bínú sí yín o."

"O jàre."

"Mo gbá eré. Wọn ò jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbá a. Ẹ̀gbọ́n, àwọn iná ibẹ̀! Ó dà bíi pé wọ́n da oòrùn sórí yìnyín. Mo lọ dúró ti aṣọ́lé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní kí n pa ẹnu mi dé."

Urho rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, láti ojú méjèèjì. Ọ̀kan tó fọ́ ṣì mọ bí a ṣe ń sunkún.

"Ó dùn mọ́ mi, Kauko. Gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?"

"Òjò dídì ti ń rọ̀. Wọ́n fà á, kò lọ."

"Ẹ̀hẹ́n. Gbogbo wọn padà sílé, wọ́n ní ó ti kú nìyẹn. Ìyá àgbà mi nìkan ló gbé àga. Ó gbé e dé àárín adágún, ó jókòó ti Mansikki, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọdún tí ọ̀dùnkún kò ta. Kò fà á rárá. Ó kàn jókòó tì í títí ó fi wù ú láti wálé."

Urho di ojú méjèèjì. Ó gbọ́ tí Màmá Hilja rọ kọfí, tó gbé ife sí ọ̀tún rẹ̀, níbi tó ti ń gbé e sí láti ìgbà tí ewé ti ń pọ́n. Ó wá gbọ́ tó fa àga, tó gbé e yí tábìlì ká, tó sì jókòó ní òsì rẹ̀.